Púùlù ní ìdájí, thermodynamics ní aago mẹ́jọ: bàbá mi ní kí n mú ọ̀kan

Ọmọ_Yemọja · Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí bí yín nínú. Ìyá bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí wọn ò rí mi fà jáde nínú omi.

Mo wà ní 300 level, mechanical engineering, ní yunifásítì ìjọba kan. Mo ń lúwẹ̀ẹ́ fún ilé ìwé wa, freestyle, 100 mítà àti 200 mítà. Èyí tí mo yára jù nínú 100 ni 1:06.8, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 6.8. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọ́nnu sí. Ọmọ ọdún 17 ni Abiola Ogunbanwo nígbà tó fi ìṣẹ́jú àáyá 59.74 parí tirẹ̀ ní Olympics Tokyo, tí kò sí obìnrin Nàìjíríà kankan tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé wa, èmi làwọn obìnrin tó kù ń lé.

Mo ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Tó bá fi máa di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15, mo ti wà nínú omi, ó di aago méje. Aago mẹ́jọ, kíláàsì. Bí làbù bá wà, ó di aago mẹ́rin kí n tó jáde. Aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀, omi lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tí mo bá jẹun tán tí mo ṣí ìwé, orí mi á máa gbá tábìlì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sùn lọ nínú kíláàsì thermodynamics, ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára, olùkọ́ wá dúró lé mi lórí, ó ní kí n ṣàlàyé èkejì. Òfin kejì ló ń wí. Èmi dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mítà mélòó ni èkejì?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

CGPA mi, àpapọ̀ èsì mi, já láti 4.31 sí 3.87. Bàbá mi rí i. Táyà ni bàbá mi ń lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, fọ́káńáísà ni wọ́n, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé mi. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, ìwé tàbí omi. Bí a ṣe wà lórí ìyẹn ni àgọ́ ìdánrawò NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tún dé: ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tẹ́ẹ̀sì kọ́ọ̀sì méjì sì bọ́ sí àárín rẹ̀. Olùkọ́ kan ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì í ṣe tẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì sọ nílé. Mo fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí èèyàn lè so mọ́ ìbàdí lẹ́yìn, tí á máa ka iye ìgbà tí mo ju apá, tí á sì sọ bí mo ṣe pẹ́ tó lábẹ́ omi lẹ́yìn tí mo bá fẹsẹ̀ ti ògiri. Mo fẹ́ kó di project mi ní 500 level. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi wá ń lé mẹ́ta.

Adé_Òṣogbo · 9:10 alẹ́

Bàbá rẹ ò parọ́. Ta ló ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ jẹun ní Nàìjíríà? Ká ní bọ́ọ̀lù ni, èèyàn á ní bóyá ẹnìkan á rí ọ. Ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà ló máa bá ọ dé ilé ọkọ, kì í ṣe bàtà ẹja.

Ìyá_Ìbejì_Ṣómólú · 9:31 alẹ́

Adé, ta ló bi ọ́ léèrè ilé ọkọ? Ọmọ ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ, ìwọ ti ń wá ọkọ fún un.

Ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O sọ ìgbà tí o ń jí, o sọ ìgbà tí o ń wọ omi, o ò sọ ìgbà tí o ń sùn. Sọ fún mi. Kí sì lo ń jẹ láàárín aago méje sí aago mẹ́jọ? Ẹni tó ti lúwẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kò lè fi bisikíìtì àti mínírà gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́.

Ọmọ_Yemọja · 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé mà. Aago méjìlá kọjá ni mo máa ń sùn. Gàárì ni, mà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀pà.

Ìyá_Ìbejì_Ṣómólú · 9:44 alẹ́

Wákàtí mẹ́rin. Àwọn ìbejì mi kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, mi ò jẹ́ jẹ́ kí wọ́n sùn mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀, wọn ò sì wọ omi kankan. Kó o tó mú nínú ìwé àti omi, mú oorun ná. Se ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú, pín in sí ike, ra ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì sí i láàárọ̀. Ẹyin méjì. Kò wọ́n tó òògùn.

Bọ̀dá_Houston · Ọjọ́ Ajé, 4:17 ìdájí

Àbúrò mi, mo kí ọ. Èmi náà ṣe mechanical nílé, mo sì lúwẹ̀ẹ́ breaststroke ní NUGA, ìdíje tó ti wà láti 1966 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ìbàdàn. Nítorí náà mo mọ ilé tí o ń gbé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bà mí jẹ́, kí tìrẹ má baà rí bẹ́ẹ̀. Ní 400 level, mo bá ilé ìwé lọ ìdíje, mo pàdánù tẹ́ẹ̀sì. Olùkọ́ náà fi ẹnu sọ fún mi pé kò sí wàhálà. Ẹnu lásán. Nígbà tí èsì jáde, òdo ló wà níwájú orúkọ mi, olùkọ́ náà ti lọ fún ìsinmi sábẹ́tíkà, kò sì sí bébà kankan tó fi hàn pé mo tọrọ àyè. Káríóvà yẹn, kọ́ọ̀sì tí mo ní láti tún ṣe, ló fi sẹ́ṣọ̀n kan kún ọdún mi. Nítorí náà, lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá eré ìdárayá ilé ìwé yín lónìí, kí wọ́n kọ lẹ́tà tó dárúkọ kọ́ọ̀sì àti ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì. Ṣe ẹ̀dà mẹ́rin. Mú un fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, fún course adviser àti HOD (olórí ẹ̀ka yín), kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tìrẹ pé àwọn gbà á. Èyí tó kọ̀, jẹ́ kó kọ̀ lórí bébà. Má lọ bá a ní kọ́rídọ̀, olùkọ́ tó ń lọ jẹun kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Mo tún ṣírò wákàtí rẹ. 1:45 láàárọ̀, 1:30 nírọ̀lẹ́, ní ọjọ́ mẹ́fà: wákàtí 19 àti ààbọ̀. Níbí, òfin NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kò gbà kí kóòṣì lo akẹ́kọ̀ọ́ kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní àsìkò ìdíje. Ìyẹn ni pé o ń ṣe iye tí òfin Amẹ́ríkà fi ṣe òpin, láìní ohun tí wọ́n ń fún ọmọ tiwọn: olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ilé oúnjẹ, bọ́ọ̀sì, iná tí kì í lọ. Má fi ara rẹ wé wọn kó o wá máa bínú sí ara rẹ.

Pé èèyàn lè ṣe méjèèjì, ó lè ṣe é. Maya DiRado ka Management Science and Engineering ní Stanford. Ó jáde tán kó tó lọ sí Rio ní 2016, ó gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin, wúrà méjì nínú rẹ̀. Nínú 200 mítà backstroke, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́, Katinka Hosszú ọmọ Hungary ló ń ṣíwájú títí wọ́n fi dé ẹnu ògiri, ìdá 6 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá ni DiRado fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi omi sílẹ̀, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó mọ ọjọ́ tí omi máa parí, ó sì ti wéwèé fún un. Ṣé ìwọ mọ ọjọ́ tìrẹ?

Adé_Òṣogbo · 7:02 àárọ̀

Stanford kẹ̀. Ọmọ fọ́káńáísà ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń mú Stanford wá. Ibi tí púùlù ti ń di àwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ewédú.

Kóòṣì_Dúgbẹ̀ · 7:25 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ewédú yẹn dùn mí nítorí òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní púùlù kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni púùlù, kì í ṣe ihò tí wọ́n dami sí. Ẹ̀rọ ń fa omi gba inú yanrìn kó lè mọ́, chlorine ń pa kòkòrò, oòrùn sì ń jẹ chlorine náà. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí owó dísẹ́ẹ̀lì ò sí, ẹ̀rọ dúró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé omi ti gba gbogbo rẹ̀. Mo ti rí púùlù tí wọ́n ná owó ńlá lé lórí tó di ilé ọ̀pọ̀lọ́. Ẹnjiníà ló máa tún un ṣe, kì í ṣe kóòṣì. Ọmọ yìí tó fẹ́ràn méjèèjì, irú ẹ̀ la ń wá.

Ó wá ku ìwọ, ọmọ mi. Ta ní ní kó o wọ omi ní ìdájí mẹ́fà lọ́sẹ̀? Ẹni tí kò sùn kò lè yára, ara tó rẹ̀ ń kọ́ ìwà burúkú nínú omi. Mú ìdájí mẹ́ta: Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Nírọ̀lẹ́, máa bá a lọ. Ìyẹn á jẹ́ wákàtí 14 àti díẹ̀, ó tó fún ẹni tó ń ṣe 100 àti 200.

Púùlù mítà mélòó lẹ ń lò?

Ọmọ_Yemọja · 7:31 àárọ̀

Mítà 25 ni, sà. Ti ìdíje ni 50.

Kóòṣì_Dúgbẹ̀ · 7:48 àárọ̀

Mo ti fura. Nínú 200, púùlù 25 máa fún ọ ní ìyípo méje, ẹ̀ẹ̀meje lo ń rí ògiri tì. Nínú 50, mẹ́ta péré ni. Mélòó lo ń rí gbà lára ògiri, mélòó lo ń rí gbà lára apá rẹ? Òfin gbà ọ́ láyè láti wà lábẹ́ omi dé mítà 15 lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń yọrí ní mítà mẹ́rin nítorí pé èémí ti pa wọ́n. Ẹ̀rọ tó o fẹ́ kọ́ yẹn, ohun tí mo máa bi í nìyẹn.

Wáyà_òun_Ledì · 12:20 ọ̀sán

Ibi ẹ̀rọ ni mo wà. Mo ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, mo ti rí oríṣiríṣi nǹkan tó kú sínú omi.

Ohun àkọ́kọ́: má ronú pé Bluetooth máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ nígbà tí o wà lábẹ́ omi. Omi ń gbé ìgbì rédíò yẹn mì, kì í rìn jìnnà rárá. Jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́ sórí memory card, kó o kà á tó o bá jáde. ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré kan, àti MPU-6050, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí ara ṣe ń yí, ti tó fún ọ, wọn ò wọ́n. Jẹ́ kó máa kà nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti tó. Ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ìbọn.

Ohun kejì ni bátìrì. Má gbé LiPo tó ti wú sí ara rẹ, jọ̀ọ́.

Ohun kẹta ló máa pa ọ́ lẹ́kún: omi. Gbogbo èèyàn ń sá sí epoxy, gúlù tó ń le gbagidi. Afẹ́fẹ́ máa ń há sínú rẹ̀, á sán, omi á rí ọ̀nà. Kó o tó fi sẹ́ńsọ̀ sínú ike, fi tíṣù gbígbẹ sí i, dè é, jù ú sí ìsàlẹ̀ bókẹ́ẹ̀tì omi, gbé òkúta lé e mọ́jú. Bí tíṣù bá tutù, dúpẹ́ pé kì í ṣe sẹ́ńsọ̀.

Ṣadé_Peckham · 6:05 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín ò sọ̀rọ̀ irun! Obìnrin ni o, wákàtí 19 nínú chlorine. Anti mi, máa fi omi ẹ̀rọ rẹ irun kó o tó wọ púùlù, irun tó ti mu omi yó kì í gba ti púùlù púpọ̀ mọ́. Òrí lẹ́yìn rẹ̀, kó o dì í. Ní 2021, FINA, àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé, kọ fìlà Soul Cap tí wọ́n ṣe fún irun bíi tiwa, ariwo sọ, ní 2022 wọ́n gbà á. Ọdún 2021 yẹn náà ni Alice Dearing lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 10 ní Tokyo, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní Olympics.

Mo máa sọ òótọ́ mìíràn tí kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń pariwo "ṣe méjèèjì." Èmi fi ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tí mo fẹ́ wọ yunifásítì. Civil engineering ni mo kà. Mi ò kábàámọ̀ rí. Mo ń sùn, mo ń rí àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ń lọ sí púùlù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bí mo bá fẹ́. Tó o bá fẹ́ fi sílẹ̀, kì í ṣe pé o fìdí rẹmi.

Adé_Òṣogbo · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé o. Ẹnìkan ti rí ohun tí mo ń wí.

Bọ̀dá_Houston · 10:40 alẹ́

Ṣadé sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ìdí tí omi fi wúlò fún ẹni tó ń ka mechanical.

Omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Bí o bá sọ eré rẹ di ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn omi á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ara rẹ máa ná á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Láti yára sí i ní ìdá 10 nínú 100, o máa ná agbára tó lé ní ìdá 33. Nítorí náà, ẹni tó kàn ń fi ipá jà, omi ló ń bá jà, omi kì í sì í rẹ̀. Ẹni tó tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ, tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ wà lókè, òun ló ń rí ọ̀fẹ́. Ní ibi iṣẹ́ mi, pọ́ǹpù ni mo ń bójú tó. Òfin kan náà ni: dín eré pọ́ǹpù kù díẹ̀, iná tó ń jẹ á lọ sílẹ̀ gan-an, nítorí ìṣirò ìlọ́po méjì tó ń di ìlọ́po mẹ́jọ yẹn náà ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa, àwọn tó kù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ti mọ̀ ọ́n lára èjìká mi.

Àwọn ẹnjiníà tilẹ̀ ti ṣe é jù rí. Ní 2008, iléeṣẹ́ Speedo gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ LZR Racer jáde, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó yẹ aṣọ náà wò níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu nǹkan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí oríṣi aṣọ mìíràn tún ti dé, wọ́n fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé 43 ní ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Róòmù nìkan. Ọ̀rọ̀ di ti aṣọ, kì í ṣe ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Láti January 2010, wọ́n fòfin dè é.

Adé_Òṣogbo · 10:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn dùn-ún gbọ́. Mo máa ka ti pọ́ǹpù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ti pé kó fi ìlúwẹ̀ẹ́ jẹun, mi ò tíì gbà.

Alábòójútó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 àárọ̀

Mo ti yọ ìfèsì méjì tó ń polówó òògùn okun. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí.

Ọmọ_Yemọja · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 8:41 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sá lọ.

Lẹ́tà ṣiṣẹ́ ní ìdajì. Olùkọ́ kan wo òǹtẹ̀, ó ní kí n wá ṣe tẹ́ẹ̀sì ní ọ́fíìsì òun tí mo bá dé: 24 nínú 30. Èkejì kọ̀, ó sì fọwọ́ sí i pé òun kọ̀, gẹ́gẹ́ bí bọ̀dá ṣe wí. Mo kúrò ní àgọ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ṣe tẹ́ẹ̀sì náà, mo wọ mọ́tò padà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. 17. Kò dáa, kì í sì ṣe òdo.

Ìdájí mẹ́ta ni mo ń ṣe báyìí. Mà, mo ń se ẹ̀wà.

Ní ìdíje, ipò kẹrin ni mo ṣe nínú 100, 1:06.1. Nínú 200, mo kú sí mítà 150, ẹ má bi mí.

Ẹ̀rọ: àkọ́kọ́ kú. Epoxy, bí Wáyà ṣe sọ. Mi ò ṣe ti tíṣù, ọwọ́ ń yá mi jù. Mo gbé òkú rẹ̀ relé ní ìparí ọ̀sẹ̀, bàbá mi bá a lórí tábìlì, wọ́n ní kí ni èyí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gé túùbù inú táyà, wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n fi sólúṣọ̀n kùn ún, wọ́n dúró kó gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á pọ̀, wọ́n ní ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń kánjú nìyẹn. Ike tuntun wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá tì í bọ inú báàfù omi tí wọ́n fi ń wá ihò táyà, wọ́n tẹjú mọ́ ọn bóyá á hó. Kò hó. Wọ́n ní, "Omi ò lè wọ èyí." Lẹ́yìn náà wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ ṣì dúró, kí n mú ọ̀kan.

Ó ti wọ púùlù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Kóòṣì Dúgbẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre: lẹ́yìn ògiri, ìṣẹ́jú àáyá kan ò pé tí mo fi ń yọrí. Àti pé mítà 25 àkọ́kọ́, apá 19 ni mo ń jù, tó bá di ti ìparí 200, 24. Mo rò pé mò ń yára ni. Omi ni mò ń gbá.

Wáyà_òun_Ledì · 8:55 alẹ́

Bàbá yẹn! Mo fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Gbé code náà síbí, mo fẹ́ wo bí o ṣe ń mọ̀ pé apá ti yí.

Kóòṣì_Dúgbẹ̀ · 9:03 alẹ́

19 di 24. Gbé ìwé yẹn pamọ́ fún mi. A máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọmọ_Yemọja · 9:26 alẹ́

Mo máa gbé e síbí tí ìdánwò fluid mechanics bá parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdájí ọ̀la wà lára mẹ́ta yẹn. Mo ń lọ sùn.